Detandọ́ọ̀ Tí Wọ́n Fi Òrí Pa

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó gbé detandọ́ọ̀ méjì wá síwájú mi, kó wá bi mí pé èwo ló lẹ́wà jù. Wọ́n ti bi mí bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà láti ọjọ́ tí mo ti Àbíjàn dé. Ẹ̀rọ tí èèyàn fẹ́ máa fi mí lábẹ́ omi, ṣé ẹwà ló fẹ́ fi ṣe ni? Ta ló ń wo ẹwà níbẹ̀? Ẹja?

Orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é la gbé wálé. Gbogbo ọmọ Èjìgbò tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Àbíjàn, detandọ́ọ̀ la mọ̀ ọ́n sí. Nǹkan méjì tí páìpù rọ́bà so pọ̀ ni. Orí rẹ̀ jẹ́ irin, òun la máa ń dè mọ́ sílíńdà atẹ́gùn tí òmùwẹ̀ ń pọ̀n sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ní ẹnu rọ́bà kan tí a máa ń há sáàárín eyín. Atẹ́gùn tí wọ́n kì sínú sílíńdà yẹn le gan-an, bó bá tú sí èèyàn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀ràn dé. Iṣẹ́ detandọ́ọ̀ ni kó tù ú lójú, kó máa bù ún fún ọ ní ìwọ̀nba bí o bá ṣe ń fà á. Èyí tó dára máa ń fún ọ kí o tó bèèrè tán. Èyí tí kò dára á jẹ́ kí o máa bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́ omi kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀bẹ̀.

Ògúnrìndé lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń ha ìdí ọkọ̀ ojú omi ní Àbíjàn, kí n tó padà wá máa sin ẹja àrọ̀ ní Màsífà. Mo ṣì ní sílíńdà kan lọ́wọ́, pẹ̀lú gééjì kan àti agolo mílíìkì kan tó kún fún òrùka rọ́bà oríṣiríṣi. Nítorí náà, kò sí ọmọ Èjìgbò tó fẹ́ lọ wọ abẹ́ omi ní Àbíjàn tí kì í kọ́kọ́ gbé detandọ́ọ̀ rẹ̀ wá sí ẹ̀bá táńkì ẹja mi. Bí mo bá ní ó dára, ó parí nìyẹn. Bí mo bá ní kò dára, ìyá onítọ̀hún kò ní jẹ́ kó gbé e kọjá ìloro. Mi ò purọ́ lórí ọ̀kankan nínú wọn rí, mo sì máa ń fi ṣe fáàrí. Ẹni tó bá ń fi òtítọ́ ṣe fáàrí, kó máa retí ọjọ́ tí wọ́n máa dán an wò.

Tèmi dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ọdún Iléyá. Wàlíyátù sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà oko mi. Opó Bàṣírù ni. Ọ̀rẹ́ mi ni Bàṣírù, òun náà sì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ abẹ́ omi. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti kú. Wàlíyátù di nǹkan kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Mo gbé omi fún un, kò mu. Ó jókòó sórí àpò oúnjẹ ẹja, ó tú aṣọ tó fi di ẹrù náà, mo sì rí detandọ́ọ̀ Bàṣírù.

Mi ò tíì fojú kàn án láti ìgbà tá a ti sin ẹni tó ni ín. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ ń dán yinrin, ó sì ń rùn. Mo gbé e sún mọ́ imú.

"Kí lẹ fi pa á, Ìyá Ìbráhìm?"

"Òrí ni. Òrí tí mo fi ń wọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Ìbráhìm nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, ọwọ́ mi ò mọ ohun tí ì bá máa ṣe. Mo wá ń fi pa èyí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó má baà dípẹtà."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Òrí àti rọ́bà kì í ṣe ọ̀rẹ́, ọmọ ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ọjọ́ Sátidé ni Ìbráhìm ń padà sí Àbíjàn," ló wí. "Wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ tán. Ọ̀gá wọn ní kí kálukú mú detandọ́ọ̀ tirẹ̀ wá. Ó ní ti bàbá òun lòun fẹ́. Lọ́la, á gbé e wá kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò." Ó wá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé ó ti bàjẹ́."

"Tí kò bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà sọ pé ó bàjẹ́."

Mo ní kó dìde. Kò dìde.

"Bàbá Àyànkẹ́mi, mi ò fi nǹkan kan ṣe ìrègún fún yín rí. Ṣùgbọ́n èémí tẹ́ ẹ̀ ń mí yìí, inú rọ́bà yìí lẹ ti mí i. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ló bá a lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ bá mi dá a dúró."

Òótọ́ ló sọ, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti Bàṣírù wà lábẹ́ ọkọ̀ ńlá kan, níbi tó jìn. Detandọ́ọ̀ tí mo háyà lọ́wọ́ ẹnì kan ló wà lẹ́nu mi. Mo fa èémí, kò wá. Mo tún fà á, omi ló wá. Mo di Bàṣírù lápá mú. Ó wo ojú mi, ó yọ tirẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó sì tì í bọ̀ mí lẹ́nu. Èmi mí lẹ́ẹ̀mejì, òun náà mí lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín in. Òfin ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ rọra gòkè láti ibi tó jìn, kó máa dúró lójú ọ̀nà, kí ara lè tú atẹ́gùn tó ti kó sínú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ẹnì kan kò tó èèyàn méjì, ẹ̀rù sì ń bà mí. Èmi ni mo fà á sókè. Ẹ̀jẹ̀ imú lásán ló ṣe èmi. Bàṣírù tó ti wà lábẹ́ omi láti òwúrọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kú. Ọdún mẹ́wàá ló fi ń wọ́ ọ, tí Wàlíyátù ń fi òrí ra á, kí ibà tó wá mú un lọ.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, obìnrin yìí ń gbé oúnjẹ fún mi bí mo bá dé ilé wọn, ó ń kí mi, ó ń bi mí nípa Àyànkẹ́mi ọmọ mi. Kò fi ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí rí. Ọjọ́ tó wá sọ ọ́, ó wọ̀ mí lára ju bí ẹni pé ó ti ń pariwo rẹ̀ látọjọ́ yìí lọ.

"Ẹ máa lọ sílé," ni mo wí. "Mo ti gbọ́."

Ó kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà, bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ni mo ní lọ́kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àti ọmọ jọ dé. Ìbráhìm ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ti bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Tọ́ntọ́n." Bí àwọn ọmọ tó ti gbé Àbíjàn ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ọ̀rẹ́ bàbá nìyẹn. Ó gbé detandọ́ọ̀ bàbá rẹ̀ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó sì fa páálí kan yọ.

"Mo ra tèmi náà sílẹ̀, Tọ́ntọ́n. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń ta á lórí fóònù ni mo ti rà á, ní Èkó. Tí ti bàbá mi ò bá dáa mọ́, màá mú èyí lọ."

Ara tuntun náà dúdú, wọ́n fi búlúù tọ́ ọ létí, ó sì ń kọ mànà. Wàlíyátù wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó hàn gbangba pé kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Bí Ìbráhìm ṣe lọ gbé sílíńdà jáde nínú yàrá irinṣẹ́ mi, ìyá rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Ẹ sọ pé méjèèjì ló bàjẹ́," ló sọ sí mi létí.

Nígbà tí ọmọ náà dé, mo bi í bí ẹni ń ṣeré: "Tí méjèèjì bá bàjẹ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò séwu, Tọ́ntọ́n. Wọ́n ń háyà rẹ̀ lọ́hùn-ún."

Háyà. Ìgbà yẹn ni mo rí i kedere pé irọ́ tí ìyá yìí ń bẹ̀ mí sí kò lè dá ọmọ rẹ̀ dúró. Ohun tó lè ṣe ni kó pààrọ̀ ohun tó máa wà lẹ́nu ọmọ náà. Ọmọ á lọ ṣá. Ṣùgbọ́n Wàlíyátù kò rí i, ojú ìyá ló fi ń wò, ojú yẹn kò sì kọjá Sátidé.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ orí kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ẹnu fà wọ́n. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti ya, atẹ́gùn ìta á máa yọ́ wọlé. Méjèèjì mú ẹnu mi dáadáa, kò sí èyí tó ya. Mo wá de ti Bàṣírù mọ́ sílíńdà, mo sì rọra ṣí i.

Ó hó lójú ẹsẹ̀. Ó ń súfèé bí ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó lábẹ́ ọmọrí. Mo ri orí rẹ̀ sínú bàsíà omi, ìfóòfó sì tò jáde ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí páìpù ti wọ orí irin.

"Alhamdulilahi," ni Wàlíyátù wí, jẹ́jẹ́.

Ojú Ìbráhìm rọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí àtirí nǹkan lò ló ṣe fẹ́ detandọ́ọ̀ bàbá rẹ̀. "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn," ló wí. "Ó dáa. Màá lo tèmi."

Èmi ńkọ́? Mo dákẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Òrùka rọ́bà kan péré ni, òrí ọdún mẹ́sàn-án ló jẹ ẹ́ tó fi wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Ẹ̀dà òrùka náà wà nínú agolo mílíìkì, kò jìnnà sí ọwọ́ mi tó ìgbésẹ̀ méjì. Èṣù wá sọ fún mi pé mi ò purọ́, pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbà fún un fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo de tuntun náà mọ́ sílíńdà. Kò jò rárá. Ìbráhìm wò mí bí ẹni tó yege ìdánwò. Mo so gééjì mọ́ ọn, mo ní kó máa wo abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, kó sì ka ení, èjì títí dé ọgọ́rùn-ún. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ gun orí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, kó sì jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Èyí gun mẹ́sàn-án. Kí ọmọ náà tó kà dé ogún, ó ti dé mẹ́wàá. Nígbà tó ka ọgọ́rin, ó ti yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá méjìlá.

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí, Tọ́ntọ́n?"

"Ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn inú rẹ̀ kì í tì tán. Lọ́jọ́ kan, á ṣí gbayawu mọ́ ọ lẹ́nu, sílíńdà rẹ á sì gbẹ lójú rẹ."

Mo gbé ibi ẹnu rẹ̀ sínú táńkì, mo kọjú ẹnu rọ́bà sókè, mo sì ń rì í díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ti dé oríkèé ìka kan lórí rẹ̀, èyí tó dára á ti fọhùn. Ohun tí ìdánwò yìí ń sọ fún wa ni bó ṣe máa le tó láti fa èémí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Tuntun náà dákẹ́. Omi dé oríkèé kejì, ó dákẹ́. Ó bo ìka mi tán pátápátá kó tó sọ pé "fúù." Mo ní kí Ìbráhìm kì í bọ ẹnu, kó tẹ orí bọ omi. Ó mí nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé orí jáde.

"Ó dáa, Tọ́ntọ́n. Ó kàn le díẹ̀ ni."

Bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko bàbá ẹni tó tóbi bíi ti bàbá òun. Inú ẹ̀rọ jákujàku ni wọ́n ti kọ́ ọmọ yìí láti mí. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lè fa ohunkóhun níbi tí omi ò ti ju orí lọ, ní àárọ̀, lẹ́yìn tó ti jẹ ẹ̀kọ. Kó lọ fà á lábẹ́ ọkọ̀, nínú òkùnkùn, lẹ́yìn tó ti fi wákàtí kan ha irin. Mo tú orí tuntun náà palẹ̀, bóyá mo lè tún un ṣe. Ibi tí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ń jókòó lé ti là, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀ níbikíbi, kò sì sí òrùka kan nínú agolo mi tó bá a mu.

"Èyí ò dára," ni mo wí.

"Ṣùgbọ́n kò jò, Tọ́ntọ́n. Ti bàbá mi ló ń jò."

Mo wo Wàlíyátù. Ó ń wò mí, ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n má yẹhùn. Inú wá bí mi. Inú bí mi sí i, ó bí mi sí ara mi, ó sì bí mi sí Bàṣírù tó kú tó fi irú ọ̀ràn báyìí sílẹ̀ fún mi.

"Ìyá Ìbráhìm, ẹ tú ìborùn yín. Ẹ máa bọ̀ níbi táńkì."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ọmọ yín ló fẹ́ máa mí nínú rẹ̀. Ẹ wá mí nínú rẹ̀ wò."

Mo rò pé á kọ̀. Kò kọ̀. Ó tú ìborùn, ó ká a dáadáa, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá táńkì. Táńkì tí mi ò tíì kó ẹja sí ni, omi rẹ̀ mọ́. Mo to ẹ̀rọ tuntun náà padà, mo kọ́ ọ bó ṣe máa gé e mọ́ eyín, mo ní kó fi ọwọ́ di imú. Ó tẹ ojú bọ omi. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ tó fi ta sókè, tó ń wúkọ́.

"Kò wá! Mo fà á, kò wá!"

"Ó ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ nílò rẹ̀ ni."

Wàlíyátù yí padà sí ọmọ rẹ̀. Omi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. "Èyí lo fẹ́ gbé lọ sábẹ́ omi? Èyí?"

Mo lọ gbé agolo mílíìkì. Mo jókòó síwájú àwọn méjèèjì, mo fi sípánà tú páìpù Bàṣírù, mo yọ òrùka tó wú jáde, mo fi hàn wọ́n. Mo fi ọṣẹ fọ òrí kúrò lójú ibẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo sì ti òrùka tuntun bọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ iṣu sísun kan. Mo dè é mọ́ sílíńdà, mo ṣí i. Kẹ́kẹ́ pa. Abẹ́rẹ́ gun mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó sì jókòó. Ìbráhìm kà dé ọgọ́rùn-ún, abẹ́rẹ́ kò mira. Mo rì í sínú omi, oríkèé kan péré ló dé tó fi dá mi lóhùn.

"Òrùka kan ni," ni mo wí. "Mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ṣí sílíńdà, mo dákẹ́. Ẹ má bínú sí mi. Ìyá Ìbráhìm, mo jẹ yín ní gbèsè èémí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ò lè san án. Ọmọ yìí ń lọ. Ohun tó kù fún wa ni èyí tó máa mú lọ."

Ìbráhìm wo èmi, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ti yé e wàyí pé a ti jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá tẹrí ba. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni.

Ìyá rẹ̀ ló gbé detandọ́ọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó gé e mọ́ eyín. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, láì tíì bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń rìn díẹ̀ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló di imú, ó tẹ ojú bọ omi.

Ìfóòfó àkọ́kọ́ jáde. Ìkejì jáde. Ó ń wá déédéé, kò yára, kò falẹ̀. Mo ka mẹ́wàá, mo ka ogún. Èjìká rẹ̀ tó ti ká sókè láti ìgbà tí wọ́n ti dé rọra wálẹ̀. Ìbráhìm na ọwọ́ láti fi kàn án, mo gbá a lọ́wọ́. Mo ti kọjá ogójì kí ó tó gbé orí jáde. Omi ló bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe omi táńkì nìkan.

"Eyín rẹ̀ wà níbẹ̀," ló wí. "Ojú eyín rẹ̀ ṣì wà lára rọ́bà náà. Ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ, kò ní àmì. Ahọ́n mi kàn án."

Bàṣírù ti pàdánù eyín iwájú kan sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo èbúté ló fi mọ̀ ọ́n tó bá rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìyẹn fún ọdún mélòó kan. Wàlíyátù fi etí aṣọ nu ojú, ó sì gbé detandọ́ọ̀ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Èyí ni kó o mú lọ."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi tú gbogbo ara rẹ̀ palẹ̀, tí mo ń pààrọ̀ òrùka lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí òrí ti ṣe sí ọ̀kan, á ti máa ṣe é sí àwọn tó kù. Mo sọ fún Wàlíyátù pé kò gbọ́dọ̀ fi òrí kan rọ́bà kankan mọ́. Ó ní òun gbọ́, ó ní kí n yé bá òun wí bí ọmọdé. Ti tuntun náà, mo gbé e sórí òkúta, mo fi òòlù fọ́ ọ. Ìbráhìm pariwo. Mo ní kó lọ fi ẹjọ́ mi sun ẹni tó tà á fún un lórí fóònù.

Ẹnu rọ́bà Bàṣírù ló kẹ́yìn. Ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè ṣe ọdún kan mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé mo ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Mo rò pé Wàlíyátù á bá mi jà. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ fún mi." Mo gé okùn tó dè é, mo fà á yọ, mo fún un. Ó ká a sí etí ìró rẹ̀, ó so ó ní kókó, ó sì fi ọwọ́ tẹ kókó náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun ọ̀kadà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo lọ sí ibùdókọ̀ Àbíjàn ní Èjìgbò. Ẹrù ti kún orí ọkọ̀, gàrí, èlùbọ́, àpò iṣu láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àwọn ìyá ń gba ojú fèrèsé kó ìmọ̀ràn wọlé, irú èyí tí gbogbo ìyá ń kó. Ìbráhìm gbé báàgì detandọ́ọ̀ náà lé itan, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀. Wàlíyátù di irin fèrèsé mú.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu kan án o," ló wí. "Ṣó o gbọ́? Ọ̀rẹ́ ni o, ọ̀gá ni o. Ìwọ nìkan ni kó o máa mí nínú rẹ̀. Bàbá rẹ fún ẹnì kan, o rí ohun tó—"

Ó rí mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo mú búrẹ́dì tí mo rà fún ọmọ náà dání. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Mo wo bàtà mi.

Dírẹ́bà fọn fèrè. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wàlíyátù kò tíì fi irin fèrèsé sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí kókó etí ìró rẹ̀.

"Àfi ẹni tí tirẹ̀ bá dákẹ́ mọ́ lẹ́nu," ló wí. Ó sọ ọ́ sókè, kí èmi náà lè gbọ́. "Ìyẹn, kó o fún un. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ rọra gòkè o, Ìbráhìm. Kẹ́yin méjèèjì rọra máa gòkè bọ̀."

Ó fi irin náà sílẹ̀, ọkọ̀ sì lọ. Búrẹ́dì ọmọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ń sunkún láàárín ibùdókọ̀, ojú ò sì tì mí.